VM mẹ́ta dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà: àkọsílẹ̀ bí a ṣe wá ìdí rẹ̀ àti bí a ṣe gbé wọn dìde láti ojú ìlà àṣẹ

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ní nǹkan bí aago 6:10, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá pé ìkànnì ilé iṣẹ́ kò ṣí, pé ímeèlì kò lọ, kò sì bọ̀, àti pé dátábéèsì tí gbogbo iṣẹ́ rọ̀ mọ́ kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Sáfà kan ṣoṣo ni gbogbo nǹkan wọ̀nyí wà lórí rẹ̀: VM mẹ́fà, ìyẹn kọ̀ǹpútà mẹ́fà tí a fi sọ́fítíwia dá sínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ṣeé fọwọ́ kàn. Mo kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ nítorí pé ìṣòro náà fúnra rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ló kù kí ìkánjú àwa tí a fẹ́ yanjú rẹ̀ sọ ọ́ di àdánù tí kò ní àtúnṣe.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe tò ó. Linux ló wà lórí ẹ̀rọ agbàlejò, ìyẹn ẹ̀rọ tó gbé gbogbo VM náà sínú. KVM, tó wọ inú kernel Linux (ọkàn ètò náà) ní ẹ̀dà 2.6.20 tó jáde ní oṣù Kejì ọdún 2007, ló ń jẹ́ kí àwọn VM lo sípíù ẹ̀rọ náà ní tààràtà. QEMU, tí Fabrice Bellard gbé jáde ní ọdún 2003, ló ń dúró fún dísìkì, káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti àwọn ẹ̀yà ara yòókù tí VM rò pé òun ní. Lójú agbàlejò, VM kọ̀ọ̀kan kò ju ètò QEMU kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ. libvirt ló dúró láàárín àwa àti QEMU, virsh sì ni àṣẹ tí a fi ń bá libvirt sọ̀rọ̀. Ó dára kí ènìyàn mọ ìpele wọ̀nyí, nítorí pé bí nǹkan bá bàjẹ́, ìpele tó mọ̀ nípa rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ bi léèrè.

Dísìkì VM kọ̀ọ̀kan jẹ́ fáìlì qcow2 (irú fáìlì tí QEMU ń lò bíi dísìkì) nínú /var/lib/libvirt/images, ibi tí a gbé ìpín dísìkì ọ̀tọ̀ kan sí, tó jẹ́ 2000 GB, tí a sì fi ext4, ọ̀nà tí Linux ń gbà to fáìlì sórí dísìkì, ṣe. Fáìlì qcow2 bí irú tiwa kì í gba gbogbo àyè tí a ṣèlérí fún VM lọ́jọ́ tí a dá a. Bí VM bá ṣe ń kọ nǹkan sí ibi tí kò kọ nǹkan sí rí, bẹ́ẹ̀ ni fáìlì náà ń wú. A ṣèlérí 800 GB fún db1 tó ń gbé dátábéèsì, 700 GB fún faili, 600 GB fún leta tó ń gbé ímeèlì, 500 GB fún idanwo tí a fi ń dán nǹkan wò, àti 200 GB fún web1 àti web2 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá rò ó pọ̀ yóò rí i pé 3000 GB ni a ṣèlérí lórí ohun tó jẹ́ 2000 GB. A mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tí a dá wọn, a sì gbà pé a óò máa ṣọ́ ọ. A ò ṣọ́ ọ.

Àbúrò wa kan lẹ́nu iṣẹ́ ló kọ́kọ́ wọlé sórí agbàlejò náà. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ wọlé, ó tẹ virsh list --all, ohun tó sì rí ni àkọlé àwọn òpó mẹ́ta láìsí ohunkóhun lábẹ́ wọn. Ó pè mí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, wọn ò sí níbẹ̀ mọ́. Gbogbo wọn ti pòórá."

Mo ní kí ó fara balẹ̀, kí ó tẹ virsh uri, kí ó sì ka ohun tó bá rí fún mi. Ohun tó kà ni qemu:///session. Ìdí nìyẹn. libvirt ní ilé méjì: system, tó jẹ́ ti gbogbo ẹ̀rọ, níbi tí VM àwọn sáfà máa ń wà, àti session, tó jẹ́ ti aṣàmúlò kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe root, ìyẹn alábòójútó tó ní gbogbo agbára lórí ẹ̀rọ, tí kò sì sọ ibi tó ń lọ, session tirẹ̀ ni virsh sábà máa ń mú un lọ, ibẹ̀ sì ṣófo. Láti ọjọ́ náà ni a ti kọ LIBVIRT_DEFAULT_URI sínú ètò gbogbo ẹni tó ń wọ ẹ̀rọ náà, kí ilé òfìfo má bàa tún dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Lójú ẹsẹ̀ náà, mo ní kí ó sọ ilé tó ń lọ:

virsh -c qemu:///system list --all

 Id   Name     State
------------------------
 1    web1     paused
 2    web2     running
 3    db1      paused
 4    leta     paused
 5    faili    running
 6    idanwo   running

Gbogbo wọn wà níbẹ̀. Mẹ́ta ń ṣiṣẹ́, mẹ́ta dúró. Ọ̀rọ̀ náà paused ni ó yẹ kí a tẹjú mọ́, nítorí pé kò túmọ̀ sí pé VM ti kú. VM tó kú ni virsh ń pè ní shut off, èyí tó bá sì dojú dé ni ó ń pè ní crashed. Èyí tó wà ní paused ṣì wà láàyè pátápátá: ètò QEMU rẹ̀ ń bẹ, gbogbo ohun tó wà nínú ràámù rẹ̀ wà bó ṣe wà, sípíù rẹ̀ nìkan ni a dá dúró. Ìdí nìyẹn tí kò fi dáhùn nígbà tí a fi ping kàn án láti mọ̀ bóyá ó wà, tí ssh tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà láti òkèèrè sì kàn ń dúró láìsọ nǹkan kan, tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi kọ́kọ́ rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló bàjẹ́.

Nígbà tí mo fi ń ronú, àbúrò wa sọ fún mi pé òun ti tẹ virsh resume db1, pé ó dìde, ṣùgbọ́n kò pé ìṣẹ́jú àáyá kan tó tún padà sí paused. Ó wá béèrè pé, "Ṣé kí n destroy rẹ̀, kí n sì tún un start, sà?"

Mo ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ àṣẹ destroy yẹn máa ń tan ènìyàn jẹ lọ́nà méjì. Àwọn kan rò pé ó ń pa VM rẹ́, wọn a sì máa bẹ̀rù rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nígbà tó jẹ́ pé àṣẹ undefine ló ń yọ VM kúrò nínú ìwé libvirt, àti pé òun pàápàá kì í pa fáìlì dísìkì rẹ́ àyàfi tí a bá sọ fún un. Àwọn mìíràn rò pé ó dà bí ìgbà tí a pa kọ̀ǹpútà tí a sì tún tàn án, wọn kì í sì í bẹ̀rù rẹ̀ rárá. Ohun tó jẹ́ gan-an ni yíyọ wáyà iná lẹ́yìn kọ̀ǹpútà nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Lórí VM tó ń gbé dátábéèsì, tó sì dúró láàárín kíkọ nǹkan sórí dísìkì, èmi kò lè gbà á láìjẹ́ pé mo ti mọ ìdí tó fi dúró.

Ìdí náà kò sì pamọ́. Àṣẹ méjì ló sọ ọ́, a kàn kò tíì bi wọ́n ni:

virsh domstate db1 --reason
paused (I/O error)

virsh domblkerror db1
vda: no space

Dísìkì àkọ́kọ́ db1 kò rí àyè kọ nǹkan mọ́. leta àti web1 sọ ohun kan náà. Mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró níbí díẹ̀, nítorí pé ohun tí QEMU ṣe níbí wú mi lórí gidigidi. Bí VM bá fẹ́ kọ nǹkan, tí agbàlejò sì sọ pé àyè ti tán, QEMU lè fi àṣìṣe náà lé VM lọ́wọ́. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ètò inú VM yóò rò pé dísìkì òun ti bàjẹ́, Linux inú rẹ̀ lè sọ dísìkì di kíkà nìkan, dátábéèsì sì lè dojú dé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà. Fún àìsí àyè nìkan, ó ń dá VM dúró kí ó tó mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, ó ń di ohun tí VM fẹ́ kọ mú, bí a bá sì tẹ resume, yóò tún un kọ láti ibi tó ti kùnà. Bí àyè bá ti wà, kò sí ohun tó sọnù. Bí àyè kò bá sí, yóò tún dúró. Ohun tí àbúrò wa rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti tẹ destroy, àwọn ohun tí QEMU dì mú wọ̀nyẹn ni ì bá ti sọnù, pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú ràámù.

Nígbà tí a wo agbàlejò, df -h, tó ń sọ àyè tó kù, fi hàn kedere:

/dev/mapper/vg0-images  2.0T  1.9T     0  100%  /var/lib/libvirt/images

Àbúrò wa jiyàn díẹ̀, ó sì ní ìdí: ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi root dá fáìlì kékeré kan síbẹ̀, ó sì gbà á. Òótọ́ ló sọ. ext4 máa ń fi 5% àyè pamọ́ fún root nìkan, bí a kò bá sọ fún un pé kí ó ṣe ohun mìíràn. Root lè kọ nǹkan síbẹ̀, ṣùgbọ́n lórí ẹ̀rọ wa, QEMU ń ṣiṣẹ́ lórúkọ aṣàmúlò tí kò ní agbára kankan, òun kò lè fọwọ́ kàn án. Lórí 2000 GB, 5% jẹ́ 100 GB. Mo fi èyí sọ́kàn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń béèrè ìdí tí web2, faili àti idanwo ṣì fi ń ṣiṣẹ́ lórí dísìkì tó ti kún bámúbámú, ìdáhùn rẹ̀ ni pé ibi tí wọ́n ti kọ nǹkan sí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń kọ nǹkan sí. Fáìlì qcow2 wọn kò nílò láti wú ní wákàtí yẹn. Bí wọ́n bá ti fẹ́ ibi tuntun kan péré, àwọn náà yóò dúró. Nítorí náà, kò sí èyí tó wà ní àlàáfíà nínú wọn. Orí ló ń bá wọn ṣe é.

Kí ló wá jẹ àyè náà tán? Níbí ni iṣẹ́ wíwá ìdí ti dùn mọ́ mi jù, mo sì máa sọ ọ́ bí mo ṣe rìn ín. Mo tẹ virsh domblkinfo fún VM kọ̀ọ̀kan, mo wo iye tí Allocation rẹ̀ (àyè tí fáìlì rẹ̀ ti gbà) sọ, mo sì yí i sí GB tó sún mọ́ ọn: db1 jẹ́ 410, idanwo 420, leta 380, faili 100, web1 95, web2 90. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 1495. Ṣùgbọ́n du, àṣẹ tó ń wọn ìtóbi fáìlì, sọ pé 1900 GB ló wà nínú àpótí náà. 405 GB ni a kò mọ ẹni tó ni ín. Mo rí àwọn fáìlì ISO àtijọ́ tí a fi ń gbé Linux sínú VM, gbogbo wọn kò ju 15 lọ. 390 ṣì kù.

Mo wá bi libvirt pé fáìlì wo gan-an ni db1 ń lò:

virsh domblklist db1 --details

Ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe db1.qcow2. Ó ní db1.backup ni vda ń kọ nǹkan sí. Mo sì wo ìtàn fáìlì yẹn pẹ̀lú qemu-img info -U --backing-chain. Mo fi -U sí i nítorí pé láti QEMU 2.10 ni fáìlì tí VM ń lò ti máa ń wà ní títì, tí qemu-img kò sì ní ṣí i bí a kò bá gbà fún un láti kà á bẹ́ẹ̀. Ó fi hàn pé db1.backup dúró lé db1.qcow2 lórí. Fáìlì ìpìlẹ̀ ni db1.qcow2, ó sì jẹ́ 390 GB gẹ́lẹ́. Èyí tó wà lórí nìkan ni domblkinfo ń sọ fún ni. Ó bo ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí gbogbo ìpele pọ̀ gbọ́dọ̀ lo virsh domstats db1 --block --backing, èyí tí èmi kò tíì lò rí títí di ọjọ́ yẹn.

Ní kété tí mo rí orúkọ .backup náà ni mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Ní alaalẹ́, script kan, ìyẹn àkójọ àṣẹ tó ń dá ṣiṣẹ́, máa ń ya snapshot (àwòrán ipò dísìkì ní àkókò kan) fún db1. Láti ìgbà tó bá ti ya á, gbogbo ohun tí VM bá kọ yóò máa lọ sínú fáìlì tuntun lórí, ìpìlẹ̀ yóò sì dúró jẹ́ẹ́ kí a lè dà á kọ síbi ìpamọ́. Bí ìdàkọ bá parí, script náà yóò tẹ blockcommit láti da ohun tó wà lókè padà sínú ìpìlẹ̀, yóò sì pa fáìlì òkè rẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ ti kọ set -e sí òkè rẹ̀, kí ó lè dúró bí nǹkan kan bá kùnà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀nà tó lọ sí ibi ìpamọ́ já láàárín ìdàkọ. Script náà dúró, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ní kí ó ṣe, kò sì dé ibi tí blockcommit wà. Ní alẹ́ kejì, ó tún fẹ́ ya snapshot sí fáìlì kan náà, libvirt sì kọ̀ fún un pé fáìlì náà ti wà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kọ̀ fún un ní gbogbo alẹ́, tó sì ń fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí àpótí ímeèlì kan tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí. Ọjọ́ 23 ló gbà. Fáìlì òkè wú dé 410 GB, nǹkan bí 18 GB lójúmọ́.

Ohun tó sì burú ju dísìkì tó kún lọ ni pé kò sí ẹ̀dà ìpamọ́ kankan fún db1 ní gbogbo ọjọ́ 23 yẹn. Bí destroy bá ti ba dátábéèsì náà jẹ́ ní òwúrọ̀ yẹn, ohun tí a ì bá padà sí ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo sọ èyí fún àbúrò wa, kì í ṣe láti bá a wí, ṣùgbọ́n kí ó lè mọ bí ìbéèrè tó bi mi kó tó tẹ̀ ẹ́ ti ṣe wá lóore tó.

Ẹnìkan dábàá pé kí a pa db1.backup rẹ́ kí àyè lè wà. Orúkọ ló tún fẹ́ ṣì wá lọ́nà. Ẹni tó bá rí .backup yóò rò pé ẹ̀dà lásán ni, bẹ́ẹ̀ sì ni inú rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ 23 wà. A kò fọwọ́ kàn án.

Àyè tí a kọ́kọ́ lò ni èyí tí mo ti fi sọ́kàn:

tune2fs -m 1 /dev/vg0/images

Àṣẹ yìí dín ohun tí a fi pamọ́ fún root kù láti 5% sí 1%, ó sì ṣeé tẹ̀ nígbà tí ìpín dísìkì náà wà lẹ́nu iṣẹ́. Lójú ẹsẹ̀, 80 GB yọ. Lórí ìpín tó ń gbé ètò ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, èmi kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ṣe é, nítorí pé àyè yẹn ló ń jẹ́ kí root lè rọ́nà ṣiṣẹ́ bí dísìkì bá kún. Ṣùgbọ́n lórí ìpín tí fáìlì VM nìkan wà, 100 GB tó dùbúlẹ̀ láìṣiṣẹ́ ti pọ̀ jù. A kó àwọn ISO náà kúrò, a sì ní 95 GB. Ní aago 7:25, a tẹ virsh resume fún db1, lẹ́yìn náà leta, lẹ́yìn náà web1, a sì bi wọ́n léèrè lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú domstate. Running ni gbogbo wọn dáhùn. Dátábéèsì náà ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni tó sùn tó jí, láìsí àṣìṣe kankan nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Ohun kan nìkan ló yàtọ̀: aago inú db1 ṣì ń sọ pé 2:40 òru ni, nítorí pé ìgbà yẹn ló dúró. Wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 45 ló fi wà lẹ́yìn. Èyí kì í ṣe ohun kékeré, nítorí pé ètò tó bá ń fi àkókò yẹ ìwọlé àwọn ènìyàn wò yóò kọ̀ wọ́n, àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ yóò sì lọ́ mọ́ra wọn. virsh domtime db1 --sync tún un ṣe. Àṣẹ yìí nílò kí qemu-guest-agent, ètò kékeré tó ń gbọ́ àṣẹ agbàlejò, wà nínú VM. Ó wà nínú db1 àti leta. Kò sí nínú web1, a sì ní láti wọ inú rẹ̀ láti tẹ chronyc makestep, tó ń tún aago ṣe lẹ́ẹ̀kan náà.

Iṣẹ́ ti padà, ṣùgbọ́n fáìlì méjì náà ṣì wà lórí ara wọn, àyè tó kù sì lè tán láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ó wù wá láti tẹ blockcommit lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ní kí a kọ́kọ́ ṣe ìṣirò. Bí a bá ń da ohun òkè padà sínú ìpìlẹ̀, ìpìlẹ̀ ni yóò máa wú, fáìlì òkè kò sì ní dín kù títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ohun tó bá rọ́pò ibi tí ìpìlẹ̀ ti ní tẹ́lẹ̀ kò ní fi kún un. Ohun tó bá jẹ́ tuntun yóò fi kún un. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ tuntun, a nílò 410 GB. A ní 95. Òótọ́ ni pé dátábéèsì máa ń tún ibi kan náà kọ léraléra, nítorí náà kò dájú pé yóò tó 410, ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ kí dísìkì tún kún ní àárín irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. A pa idanwo pẹ̀lú virsh shutdown, a dúró títí domstate fi sọ pé shut off, a gbé fáìlì rẹ̀ lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn pẹ̀lú qemu-img convert, a fi qemu-img compare rí i dájú pé ohun kan náà ni wọ́n, a sì pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ó gba ju wákàtí kan lọ. Àyè wá di 515 GB ó dín díẹ̀, nítorí ohun díẹ̀ tí àwọn VM ti kọ láàárín kan.

Ní alẹ́, nígbà tí àwọn ènìyàn ti dín kù, a tẹ blockcommit náà nínú tmux, ètò tó ń mú kí àṣẹ máa ṣiṣẹ́ lọ bí ìsopọ̀ bá tilẹ̀ já:

virsh blockcommit db1 vda --active --bandwidth 100 --pivot --verbose

Mo fi ìwọ̀n 100 MiB ní ìṣẹ́jú àáyá kan sí i kí ìdàkọ má bàa gba dísìkì mọ́ àwọn VM yòókù lọ́wọ́. Ìdí tí mo fi lo tmux ni pé bí ssh bá já, QEMU yóò máa bá ìdàkọ lọ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n virsh ló ń ṣe ìgbésẹ̀ ìkẹyìn, ìyẹn gbígbé VM padà sórí ìpìlẹ̀. Bí virsh bá ti kú, VM yóò máa kọ nǹkan sí ibi méjèèjì, títí ẹnìkan yóò fi wá tẹ virsh blockjob db1 vda --pivot. Kò já. Ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan kí ó tó parí. domblklist padà sọ db1.qcow2, fáìlì náà sì jẹ́ 520 GB: 130 GB péré nínú 410 ló jẹ́ tuntun. Kí a tó pa db1.backup rẹ́, a kọ́kọ́ ya ẹ̀dà ìpamọ́ tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a sì ṣí i níbòmíràn láti rí i pé dátábéèsì inú rẹ̀ dìde.

Ìdí tí ìṣọ́ wa kò fi rí ohunkóhun ní gbogbo ọjọ́ 23 náà rọrùn láti sọ, bó tilẹ̀ dùn mí. Àwọn VM ni à ń ṣọ́. Nínú db1, df ń sọ pé 58% ni a ti lò, òótọ́ ló sì ń sọ nípa 800 GB tí a ṣèlérí fún un. Lórí agbàlejò, ìpín dísìkì ètò ẹ̀rọ nìkan ni à ń ṣọ́, a gbàgbé èyí tó ń gbé àwọn VM. A ti fi kún un. A tún script ìpamọ́ ṣe pẹ̀lú trap, kí blockcommit lè wáyé bí ìdàkọ bá tilẹ̀ kùnà, kí ìkìlọ̀ rẹ̀ sì máa dé fóònù ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, cron, ètò tó ń tẹ àṣẹ ní àkókò tí a yàn, ń tẹ virsh -c qemu:///system list --state-paused --name, bí orúkọ kan bá sì jáde, yóò fi domstate --reason kún un, yóò sì pe ẹnìkan.

Nǹkan kan tún wà nínú leta. 240 GB péré ni ímeèlì inú rẹ̀ ń lò, fáìlì rẹ̀ sì jẹ́ 380, nítorí pé ohun tí a bá pa rẹ́ nínú VM kì í dá àyè padà fún agbàlejò fúnra rẹ̀. A fi discard='unmap', tó ń jẹ́ kí àyè tó ṣófo padà sọ́dọ̀ agbàlejò, sí dísìkì rẹ̀ pẹ̀lú virsh edit, a pa VM náà pátápátá kí a tó tún un tàn, nítorí pé àtúnbẹ̀rẹ̀ láti inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ mú, a sì tẹ virsh domfstrim leta. Fáìlì náà sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bí 240.

Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà, mo ní kí àbúrò wa dán ìkìlọ̀ tuntun náà wò. Ó tẹ virsh suspend web2 ní alẹ́, lẹ́yìn tó ti sọ fún gbogbo ẹni tó yẹ, ó sì dúró. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí fóònù mi fi dún: web2, paused (user). Ó tẹ resume, ó tún aago rẹ̀ ṣe, ó sì kọ àkókò rẹ̀ sínú ìwé wa.

idanwo ṣì wà lórí ẹ̀rọ kejì. Èmi kò tíì gbà kí wọ́n dá a padà, nítorí pé bó bá padà, ìlérí 3000 GB náà padà pẹ̀lú rẹ̀.